Ebi Kì Í Wọnú Kí Ọ̀rọ̀ Mìíràn Wọ̀ Ọ́

Bí táńkì ogun aláfiṣeré tí à ń fi rìmóòtù darí bá ṣàdédé dákú, rìmóòtù ni gbogbo ènìyàn kọ́kọ́ ń fẹ̀sùn kàn. Èmi tí mo ń tún irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣe níbí ní Torino, ní Ítálì, mọ̀ pé lọ́pọ̀ ìgbà, ibi tí wàhálà ti fojú hàn kọ́ ló ti bẹ̀rẹ̀. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Ẹ wo táńkì ọmọ àbúrò mi tó ń gbé ní Padova. Nígbà tí mo lọ kí wọn, ìyá ọmọ náà gbé e wá: "Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní ká ra rìmóòtù mìíràn." Táńkì yìí ń lọ síwájú, ó ń padà sẹ́yìn, kò sí wàhálà. Ṣùgbọ́n bí a bá ti ní kó yí po lójú kan, iná iwájú rẹ̀ á kú, gbogbo ara rẹ̀ á dákẹ́, kó tó di pé ó tún jí. Mo fi mítà wọn bátìrì rẹ̀. Fóltì 7.2 ni wọ́n kọ sí i lára, ohun tí mítà kà sì jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Ẹni tó bá dúró níbẹ̀ á ní ara bátìrì le.

Bátìrì tó ń sinmi ni mo wọ̀n yẹn o. Táńkì kò ní kẹ̀kẹ́ tó ń ṣẹ́rí. Bó bá fẹ́ yí, ẹsẹ̀ kan á máa lọ síwájú, èkejì á máa padà sẹ́yìn, ṣéènì ẹsẹ̀ méjèèjì á sì máa fi ẹ̀gbẹ́ wọ́ nílẹ̀. Ìgbà yẹn gan-an ni mọ́tò rẹ̀ ń fa iná jù. Mo gbé e sórí kápẹ́ẹ̀tì, mo fi ẹnu mítà kan ibi tí iná ti ń wọ risífà, ìyẹn ẹ̀rọ inú táńkì tó ń gbọ́ ohun tí rìmóòtù ń sọ, mo ní kí ọmọ náà máa kà á sí mi létí. "Bọ̀dá, 7 ni. Ó ti di 5. Kò tó 4 mọ́!" Risífà kú.

A bá wáyà tó ń gbé iná wá fún risífà lọ títí a fi dé ẹnu ibi tí wọ́n ti so bátìrì mọ́ táńkì. Irin inú rẹ̀ ti dúdú, ike rẹ̀ ti yọ́ díẹ̀. Bí ìdènà ibẹ̀ bá jẹ́ ààbọ̀ óòmù péré, tí iná ámpíà 6 bá fẹ́ gba ibẹ̀ kọjá, fóltì 3 ti ṣòfò kó tó débi iṣẹ́. Rìmóòtù ń pè, risífà kò gbọ́, nítorí ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́.

A gé ẹnu wáyà náà, a jó tuntun mọ́ ọn, táńkì sì yí. Ṣùgbọ́n ilé ìbọn orí rẹ̀ ń gbọ̀n fúnra rẹ̀ nígbàkígbà tí mọ́tò bá ń ṣiṣẹ́. Káábọ̀nù kékeré tó ń gbé iná fún mọ́tò ló ń ta iná pàrà. Irú iná tó ń ta pàrà bẹ́ẹ̀ ni Guglielmo Marconi lò ní 1895 ní Pontecchio, lẹ́bàá Bologna, láti fi àmì ránṣẹ́ láìsí wáyà. Ohun tí ó fi sọ̀rọ̀ nígbà náà ni ó ń da ọ̀rọ̀ rú lónìí. A jó kàpásítọ̀ náánófáráàdì 100 mọ́ ẹnu mọ́tò kọ̀ọ̀kan, a gbé ẹ́ríàlì risífà jìnnà sí wáyà wọn, ilé ìbọn sì dúró jẹ́ẹ́.

Ọmọ náà bi mí pé kí ni fóltì. Mo sọ fún un pé orúkọ Alessandro Volta ará Como ni, ẹni tó to fàdákà, sínkì àti aṣọ tí wọ́n rẹ sínú omi iyọ̀ léra wọn, tó sì fi bátìrì han ayé ní 1800. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ kó dì mú jù ni pé ká wọn nǹkan nígbà tí ẹrù bá wà lórí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ènìyàn pẹ̀lú. Àwọn ọ̀dọ́ wa wà níbí tí wọ́n ń ru ẹrù ní ilé ìkẹ́rùsí mọ́jú, tí wọ́n á gba ibẹ̀ lọ síbi tí wọ́n ti ń kọ́ èdè Ítálì. Bí ẹ̀kọ́ kò bá wọlé, a ní orí wọn kú. Ọjọ́ Àìkú tí wọ́n wọ aṣọ àǹkárá, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín, la fi ń díwọ̀n agbára wọn. Ẹ jẹ́ ká bi wọ́n ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì bóyá wọ́n sùn, bóyá wọ́n jẹun, ká tó sọ pé wọn kò gbọ́ràn.