Kẹ̀kẹ́ Onírù-Líle ní Onípáànù

Mo ní láti kọ́kọ́ sọ irú kẹ̀kẹ́ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ lónìí, nítorí pé ní Èkó òde òní ọ̀rọ̀ náà ti lọ́ mọ́ra wọn. Bí ènìyàn bá dúró ní Onípáànù tí ó ní òun fẹ́ wọ kẹ̀kẹ́, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ni wọn yóò nawọ́ sí fún un, èyí tí a ń pè ní Márúwá láti ara orúkọ Buba Marwa tí ó jẹ́ alákòóso ológun Ìpínlẹ̀ Èkó láti 1996 sí 1999. Bí ó bá sì ní "báìkì", ọ̀kadà ni wọn yóò gbọ́. Èyí tí a ń fi ẹsẹ̀ yí, tí àwọn bàbá wa ń pè ní kẹ̀kẹ́ láìfi ohunkóhun kún un, ti di ohun tí a gbọ́dọ̀ fi "ológeere" há lẹ́yìn kí ó tó yé ènìyàn.

Aṣìgbọ́ yìí kó mi sí wàhálà ní ìbẹ̀rẹ̀ 2024. Mo pe ìyá mi ní Ìpẹ́rù lórí fóònù, mo sì fi ẹnu àwọn ọmọ Èkó sọ pé mo ti ra báìkì. Ẹ̀rù bà á. Ó dákẹ́ títí, ó wá ní, "Àkànní, ṣé nítorí pé Ìgbóbì kò jìnnà sílé rẹ ni?"

Ẹni tí kò bá mọ àdúgbò wa lè má rí ẹ̀rín inú ọ̀rọ̀ yẹn. Ìgbóbì ni ilé ìwòsàn eegun ti ìjọba àpapọ̀ wà, lẹ́bàá òpópónà Ìkòròdú, kò jìnnà sí Onípáànù rárá. Ní 1945 ni wọ́n dá a sílẹ̀, fún àwọn ọmọ ogun tí ó fara gbọgbẹ́ nínú ogun àgbáyé kejì. Ṣùgbọ́n ní ẹnu àwọn ìyá wa, Ìgbóbì ti kọjá orúkọ ibì kan. Bí wọ́n bá ní wọ́n gbé ọmọ lágbájá lọ sí Ìgbóbì, kò sí ẹni tí yóò tún béèrè ohun tí ó ṣe é. Mo yára ṣàlàyé fún un pé kẹ̀kẹ́ ológeere ni, bí irú èyí tí bàbá mi ń gùn látijọ́. Ara rẹ̀ rọ̀ díẹ̀, àmọ́ kì í ṣe púpọ̀.

Iṣẹ́ mi ni ó fà á. Èmi ni mo máa ń ka àwọn ìwé Yorùbá tí àwọn atẹ̀wé fẹ́ tẹ̀, tí mo máa ń tún àmì ohùn wọn ṣe. Ẹni tí ó bá mọ Ṣómólú mọ Shipeolu àti àwọn ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí ń kígbe níbẹ̀ láti àárọ̀ títí di alẹ́. Láti ibẹ̀ ni mo ti máa ń kó ìwé lọ bá àwọn òǹkọ̀wé ní Àkókà, nínú ọgbà Yunifásítì Èkó, tí n ó sì tún kó o padà. Ọ̀kadà ni mo ń gùn tẹ́lẹ̀. Ìjọba fi òfin dè é ní Ṣómólú láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án 2022. Nígbà tí ó di ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún 2023, Ààrẹ Tinubu kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, owó ọkọ̀ sì fò sókè bí ìgbà tí a ta ewúrẹ́ lókò. Nígbà tí mo ṣírò ohun tí mo ń ná lóòjọ́ lórí ọkọ̀ àti Márúwá, ó jẹ́ ₦1,400. Kẹ̀kẹ́ tí mo rí jẹ́ ₦85,000, èyí tí í ṣe owó ọkọ̀ àwọn ọjọ́ iṣẹ́ fún nǹkan bí oṣù mẹ́ta. Inú owó tí mo ti yà sọ́tọ̀ fún owó ilé ni mo ti mú un. Bí kẹ̀kẹ́ náà bá bàjẹ́ kí oṣù mẹ́ta tó pé, mo ti jẹ gbèsè lẹ́ẹ̀mejì nìyẹn.

Kẹ̀kẹ́ méjì ni ó wà níwájú mi lọ́jọ́ tí mo lọ rà á, iye kan náà sì ni wọ́n pè wọ́n. Ọ̀kan jẹ́ tuntun, ó ń dán, ó ní sípírìǹgì níwájú, ó tún ní òmíràn lábẹ́ ìjókòó. Èkejì jẹ́ tòkunbọ̀, ara rẹ̀ ti há, sípírìǹgì rẹ̀ kò sì ju ti iwájú lọ. Ojú mi lọ sí ti ọ̀tun. Bàbá kan tí ó ti ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní àdúgbò wa kí wọ́n tó bí mi ni mo mú dání. Ó gbé tuntun náà sókè, ó sọ ọ́ kalẹ̀, ó sì ní, "Ẹ̀yìn tí ó ń mì yẹn, agbára rẹ ni yóò máa jẹ." Ó yí táyà tòkunbọ̀ náà, ó wò ó bóyá ó wọ́. Ó fi èékánná tọ ojú ibi tí wọ́n ti jó irin pọ̀ lábẹ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́, nítorí pé ibẹ̀ ni férémù ti máa ń kọ́kọ́ sán. Lẹ́yìn náà ni ó mú rúlà jáde, ó fi wọn ṣéènì. Bí ṣéènì bá ṣì pé, ìdè rẹ̀ mẹ́rìnlélógún gbọ́dọ̀ jẹ́ íǹṣì 12 géérégé. Bí ó bá fi ìdámẹ́jọ íǹṣì gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó ti ń jẹ eyín jíà lọ nìyẹn. Tèmi fi díẹ̀ gùn. A fi ṣéènì tuntun sí i.

Hardtail ni àwọn òyìnbó ń pe irú kẹ̀kẹ́ yìí. Èmi ń pè é ní onírù-líle, bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá ní èyí tí ó dára jù bẹ́ẹ̀, kí ó fún mi. Àwọn ọ̀dọ́ kan ní California, lórí òkè Tamalpais, ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ àṣà rẹ̀ ní nǹkan bí 1970 sí 1979: kẹ̀kẹ́ àtijọ́ tí táyà rẹ̀ nípọn ni wọ́n ń gùn sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè. Ní 1981 ni Specialized mú Stumpjumper jáde, ìyẹn kẹ̀kẹ́ òkè tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní ọ̀pọ̀ yanturu fún títà. Kò sí sípírìǹgì kankan lára rẹ̀. Ọdún 1989 ni RockShox tó mú fọ́ọ̀kì tí ń mì jáde. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ rò pé kẹ̀kẹ́ òkè kò pé láìsí sípírìǹgì, àwọn tí ó dá a sílẹ̀ gan-an kò ní in.

Ní òpópónà wa, kí ni ohun tí mo rí? Àkọ́kọ́ ni ìwọ̀n rẹ̀. Àwọn tí ń kọ nípa kẹ̀kẹ́ ní òkè òkun a máa sọ pé ìwọ̀n kò ṣe pàtàkì fún ẹni tí ń lọ síbi iṣẹ́. Wọn kò gbé ní Onípáànù. Bí mo bá fẹ́ sọdá òpópónà Ìkòròdú, afárá ẹlẹ́sẹ̀ ni, èjìká mi ni kẹ̀kẹ́ sì ń gùn níbẹ̀, ní àárín àwọn tí ń pàtẹ àti àwọn tí ń sáré lọ wọ ọkọ̀. Kílò 14 ni tèmi, nítorí pé alumíníọ̀mù ni férémù rẹ̀. Èyí tuntun tí ojú mi ń lọ sí lọ́jọ́ náà wúwo ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Mo máa ń rántí rẹ̀ bí mo bá dé àárín àtẹ̀gùn, mo sì máa ń kí Bàbá náà lọ́kàn mi.

Èkejì ni fọ́ọ̀kì. Sípírìǹgì olówó pọ́ọ́kú kò mọ̀ ju kí ó rì kí ó sì ta padà lọ. Bí mo bá dìde dúró láti fi agbára tẹ̀ ẹ́, ńṣe ni iwájú ń tẹrí ba bí ẹni tí ń kí ọba, ìdajì agbára mi a sì wọ inú rẹ̀ lọ. Mo mọ̀ ọ́n gùn nísinsìnyí ní ìjókòó. Ṣùgbọ́n bí mo bá ya sí àwọn àdúgbò inú Bàríga, níbi tí ihò ti fara pamọ́ sábẹ́ omi òjò, mo mọ ìwúlò rẹ̀. Jíà 21 ni ó ní. Mẹ́rin ni mo ń lò. Táyà rẹ̀ ní eyín ńláńlá tí ó ń hó lórí ọ̀dà bí oyin, mo sì pààrọ̀ ti ẹ̀yìn sí èyí tí ó tẹ́jú. Íǹṣì 26 ni táyà náà, èyí sì ṣe pàtàkì ju bí ó ti dún lọ: kò sí fọkanáísà tí kò lè wá tíúbù 26 fún mi, ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ mi tí ó ra oní-29 fi ẹsẹ̀ rìn fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko nítorí tíúbù kan ṣoṣo.

Ẹ̀kẹta ni ìjánu. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ara ẹṣin ni a ti mú ìjánu wá fún kẹ̀kẹ́, gẹ́gẹ́ bí a ti mú "gùn" wá. A ń wa ọkọ̀, a ń wọ Márúwá, ṣùgbọ́n a ń gun kẹ̀kẹ́ bí a ti ń gun ẹṣin. Ó yà mí lẹ́nu pé a kò mú gàárì wá pẹ̀lú wọn. Síìtì ni gbogbo ènìyàn ń pe ìjókòó. Ìjánu kẹ̀kẹ́ mi jẹ́ ti àwo irin kékeré tí ó wà láàárín táyà, wáyà ni ó ń fà á. Mo fẹ́ràn rẹ̀ nítorí pé ó dà bí ti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́.

Ní ọjọ́ kan nínú oṣù keje, òjò ti rọ̀, mo ń bọ̀ láti Àkókà, mo sì gba Bajulaye. Dáńfó kan tí ó wà níwájú mi dúró lójijì láti já èrò. Mo fa ìjánu. Kò dá mi lóhùn. Mo fà á le sí i, ó ké "kíí", ó sì ń lọ. Mo yí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ sí ẹ̀gbẹ́, mo sì bá ara mi ní etí gọ́tà, apá òsì mi lábẹ́. Kẹ̀kẹ́ kò ṣe nǹkan kan. Ṣùgbọ́n àpò ìwé mi ti wọ inú omi. Ìwé kíkà àwọn ọmọdé ni ó wà nínú rẹ̀, ojú ewé mọ́kànlélógójì tí òǹkọ̀wé ti fi gègé pupa tún ṣe, tí kò sì sí ẹ̀dà rẹ̀ níbòmíràn. Mo jókòó sórí pèpéle ẹnìkan, mo ń ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń wo bí gègé pupa ṣe ń di omi. Àwọn ènìyàn ń bi mí pé ṣé apá mi kò ṣẹ́. N kò tilẹ̀ rántí apá.

Kò ṣẹ́. Ó wú fún ọjọ́ mẹ́sàn-án, n kò sì sọ fún ìyá mi. Òǹkọ̀wé náà ní sùúrù, a jọ tún gbogbo rẹ̀ ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo gbé kẹ̀kẹ́ dé ọ̀dọ̀ Bàbá, ó fi ìka nu àwo irin náà, ó gbé e sí imú, ó sì wò mí. "Ta ní fún ìjánu lépo jẹ?" Èmi ni. Mo ti fín epo sí ṣéènì ní alẹ́ ọjọ́ tí ó ṣáájú, mo sì fín in káàkiri. Epo díẹ̀ lára àwo náà tó láti sọ ìjánu di òfìfo. Ó fi ẹ̀mí ọtí fọ àwo náà, ó fi pépà gbẹrẹgẹ̀dẹ̀ ha ojú àwọn ohun tí ń fún un mú, ṣùgbọ́n wọ́n ti jẹ tán, irú wọn kò sì sí ní gbogbo ìsọ̀ tí mo wọ̀. Rọ́bà ìjánu ayé àtijọ́, èyí tí ń fún ríìmù mú, kún gbogbo ibi. Ọpẹ́lọpẹ́ pé férémù mi ní ojú ibi tí a lè de ti rọ́bà mọ́, ríìmù rẹ̀ náà sì ní ojú títẹ́jú tí rọ́bà lè dì mú. A fi ti rọ́bà sí ẹ̀yìn, a sì wá ti àwo fún iwájú lẹ́yìn oṣù kan. Bí ẹ bá ń gbé ní Ṣómólú tí owó yín kò pọ̀, onírọ́bà ni kí ẹ rà. Ó rọrùn láti rí, kò sì sí ohun ìyanu nínú rẹ̀.

Ní òpin ọdún náà ni mo gbé e lọ sí Ìpẹ́rù láti mọ̀ bóyá orúkọ rẹ̀ rò ó. Ọ̀nà oko wa kúrò lẹ́yìn ìlú, ó wọ abẹ́ igi obì, ó ní gbòǹgbò, ó ní iyanrìn pupa, ó ní ibi tí àgbàrá ti là á sí méjì. Mo tu afẹ́fẹ́ díẹ̀ sílẹ̀ nínú táyà, mo sì ṣí i lọ. Níbẹ̀ ni mo ti mọ ohun tí wọ́n ṣe kẹ̀kẹ́ náà fún. Fọ́ọ̀kì tí ń tẹrí ba ní Èkó ń gbé gbòǹgbò mì, táyà iwájú tí ó léyín di iyanrìn mú, mo sì lo jíà mẹ́tàdínlógún tí n kò lò rí. Táyà ẹ̀yìn mi tí ó tẹ́jú ni ó ṣe mí ní yẹ̀yẹ́, ó yọ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Bàbá mi ń dúró dè mí ní etí oko. Ó pè mí ní Àjàlá, gẹ́gẹ́ bí gbogbo àgbà ti ń pe ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbélé, wọn kì í sì í sábà rántí pé kẹ̀kẹ́ ni Ọlábísí Àjàlá gùn ní 1952 láti Chicago dé Los Angeles, tòun ti aṣọ Yorùbá. Raleigh ni bàbá mi gùn ní tirẹ̀, èyí tí ìjánu rẹ̀ jẹ́ ọ̀pá irin, òun ni ó sì fi ń kó obì lọ sọ́jà. Ó fa ìjánu iwájú, ó fa ti ẹ̀yìn, ó mi orí. Ó te fọ́ọ̀kì mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ó rẹ́rìn-ín. Ó wá yí i ká, ó ń wá nǹkan.

"Níbo lo máa ń di ẹrù sí?"

Mo ní kò ní ibi ẹrù. Ó wò mí bí ẹni tí ó gbọ́ pé mo ra ìkòkò tí kò ní ìdí. Kò gùn ún, orúnkún rẹ̀ kò gbà á mọ́. Ṣùgbọ́n bí a ti ń padà sílé, ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó sì ń fi ara tì í rìn bí ọ̀pá, kò sì dá a padà fún mi títí a fi dé ẹnu ọ̀nà, níbi tí ìyá mi ti ń wo apá òsì mi láìsọ nǹkan kan.

Mo ti ra kẹ́ríà báyìí. Ihò méjì wà lẹ́yìn férémù náà tí ó gbà á láìsí wàhálà, mo sì ti rí páànù pẹlẹbẹ kan tí ó lè gba ẹrẹ̀ kúrò lẹ́yìn mi nígbà òjò. Àpò ìwé mi wà nínú ọ̀rá méjì lórí rẹ̀. Bàbá mi ní kí n gbé e bọ̀, òun fẹ́ fi apẹ̀rẹ̀ obì kan dán an wò. Ọjọ́ Sátidé ni mo ń lọ.