Orúkọ Tí A Kọ Sínú Rẹ́jísítà

Àwọn ọmọ ń wọlé ìwé padà lọ́jọ́ Mọ́ńdè, àwọn tíṣà tó wà láàárín wa kò sì kéré. Ẹ̀yin ni ọ̀rọ̀ òní kàn jù, ṣùgbọ́n ara wa la ó kọ́kọ́ bá wí.

Ní 2004, wọ́n gbé àwa àti Mummy lọ sí apá Badagry. Ẹ mọ̀ pé ilẹ̀ Ẹ̀gùn nìyẹn. A bẹ̀rẹ̀ lesson ọ̀fẹ́ fún àwọn ọmọ àdúgbò nínú ṣọ́ọ̀ṣì, wákàtí méjì lẹ́yìn ilé ìwé. Àwa là ń kọ́ wọn ní ìṣirò, Mummy ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì. Ọjọ́ Mọ́ńdè kan ni ọmọkùnrin kékeré kan tẹ̀lé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá. A bi í léèrè orúkọ, ó dárúkọ. A ní kó tún un pè, ó tún un pè. Ahọ́n wa kò gbé e. Ọwọ́ wa kún, àwọn ọmọ tó kù ti ń pariwo, la bá ní, "Mọ́ńdè lo wá, Mọ́ńdè la ó máa pè ọ́." Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín. A kọ Mọ́ńdè sínú rẹ́jísítà.

Odidi táàmù kan, ọmọ yìí kò la ẹnu. Bí a bá bi í ní ìbéèrè, á máa wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ká má parọ́, a ti pinnu lọ́kàn wa pé olódo ni.

Àfi ìgbà tí a lọ ra ẹja lọ́jà ní Sátidé kan. Ta la bá nídìí àtẹ? Mọ́ńdè wa! Ó ń fi Ẹ̀gùn dá oníbàárà kan lóhùn, ó ń fi Yorùbá dá èkejì lóhùn. Obìnrin kan tó ti Sẹ̀mẹ̀ wọlé fẹ́ fi sẹ́fà sanwó, ọmọ yìí ṣe é lórí, ó sọ iye tó jẹ́ ní náírà, ó fún un ní ṣéńjì. Kò lo bírò, kò ka ìka. Ibẹ̀ ni ìyá rẹ̀ ti pè é lórúkọ rẹ̀ gan-an. A bi ìyá pé kí ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ó ní, "Pásítọ̀, Ọlọ́run wà ni. Mawu ni à ń pe Ọlọ́run."

Ẹ gbọ́ o. Àwa oníwàásù la yọ Ọlọ́run kúrò lórúkọ ọmọ, tá a fi Mọ́ńdè rọ́pò rẹ̀.

A ò lè sùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Bí ẹ bá bi àwọn ọmọ Sunday School léèrè àwọn mẹ́ta tó wọ iná ìléru, wọ́n á kà á bí ẹni ń kọrin: Ṣádírákì, Méṣákì, Àbẹ́dínígò. Ẹ wá bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń jẹ́ nílé bàbá wọn. Mélòó ló máa ní Hananáyà, Míṣáẹ́lì àti Asaráyà? Ilé ìwé sáà ni Bábílónì kó wọn lọ, ẹ̀kọ́ ọdún mẹ́ta, olórí àwọn ìwẹ̀fà ló sì pín orúkọ tuntun fún wọn. Gbogbo ọdún tá a ti ń wàásù rẹ̀, Dáníẹ́lì là ń fi ara wa wé. Kò sẹ́ni tó ń fi ara rẹ̀ wé ìwẹ̀fà.

Mummy ló tún kíláàsì yẹn ṣe, torí òun ló kọ́ṣẹ́ tíṣà. Ó ra rẹ́jísítà tuntun. Ó ní kí òbí kọ̀ọ̀kan wá pe orúkọ ọmọ rẹ̀ sétí wa, ká kọ ọ́ bí a ṣe gbọ́ ọ, ká máa pè é lálẹ́ títí yóò fi yọ̀ lẹ́nu. Ó gbà wá tó ọ̀sẹ̀ méjì. Òfin kan ṣoṣo ló wà: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi orúkọ rẹ́rìn-ín, orí tíṣà ló sì ti bẹ̀rẹ̀.

Lẹ́yìn náà la sọ ìṣirò di ọjà. Ẹja, àgbọn, náírà, sẹ́fà. Àwọn ọmọ tí a rò pé wọn ò mọ nǹkan ni wọ́n wá ń kọ́ àwọn yòókù. Mummy tún ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan kọ́ wa bí wọ́n ṣe ń kà nílé wọn. Nígbà tó kan àwọn ọmọ Yorùbá láti ṣàlàyé ìdí tí 45 fi ń jẹ́ márùndínláàádọ́ta, ẹnu wọn wọhò! Ọjọ́ yẹn ni púpọ̀ nínú wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé wọ́n ń yọ márùn-ún kúrò nínú àádọ́ta. Bí ìṣirò bá sì le, a máa ń jẹ́ kí àwọn ọmọ Ẹ̀gùn méjì kọ́kọ́ fi Ẹ̀gùn jíròrò rẹ̀, kí wọ́n tó wá fi Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́ níwájú. Ilé ìwé tí wọ́n ń lọ láàárọ̀ ń gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ẹni tó bá sọ fànákúlà. Tiwa kò gba kọ́bọ̀.

A máa ń fi Ifẹ̀ yangàn lórí ọ̀rọ̀ èdè, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ní 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo iṣẹ́ títí dé kíláàsì kẹfà, tí tíṣà ọ̀tọ̀ sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ọmọ náà ṣe dáadáa, kódà nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ṣùgbọ́n ẹ tún un rò: ní Badagry, Yorùbá kì í ṣe èdè ìyá ọmọ Ẹ̀gùn. Ohun tí à ń sunkún pé Gẹ̀ẹ́sì ṣe fún ọmọ wa, àwa náà ń fi Yorùbá ṣe é fún ọmọ ẹlòmíì.

Ti Cultural Day yìí náà, a ò fi bẹ́ẹ̀ kà á sí. Ẹ ní kí òbí ra aṣọ òkè ọjọ́ kan, ẹ ya fọ́tò, ó parí. Ọmọ Igbo kan ṣoṣo tó wà ní kíláàsì, ẹ ní kó dìde kó sọ bí "àwọn Igbo" ṣe ń ṣe. Ọmọ ọdún mẹ́jọ! Ọ̀rọ̀ ilé rẹ̀ ni kó sọ, bó bá wù ú.

Èyí tó kàn lè bí àwọn kan nínú. Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé ìwé ìjọba, kíláàsì yín kì í ṣe pẹpẹ. Ẹ má ṣe fi eré ìje sí ọ̀sán Ramadan. Ẹ má ṣe fi híjáàbù ọmọ ṣe yẹ̀yẹ́. Ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ ti dá ẹjọ́ yẹn fún àwọn ọmọ ilé ìwé ìjọba Èkó ní June 2022. Bó bá jẹ́ ọmọ tiyín ló wà ní Kano ńkọ́?

Ẹ jẹ́ ká padà sí ọmọ wa. Àtúnṣe tá a ṣe kò tètè dé. Táàmù yẹn náà ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú un lọ forúkọ sílẹ̀ nílé ìwé tuntun, wọ́n sì kọ Mọ́ńdè, torí wọ́n rò pé orúkọ ilé ìwé nìyẹn. Ìyá rẹ̀ kò jiyàn. Ó ní tíṣà ló sọ ọ́. Mọ́ńdè ló wà lórí WAEC rẹ̀ dòní.

Lọ́dún tó kọjá, nọ́ńbà kan tí a ò mọ̀ pè wá. Ohùn géńdé. "Ẹ káàsán sà, Daddy. Mọ́ńdè ni o, Mọ́ńdè Badagry." A ní rárá o, a pe orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ gbìyànjú sà, ṣùgbọ́n ẹ ṣì ń pe ìparí rẹ̀ bíi Yorùbá." Ìyàwó rẹ̀ ti bímọ, ọkùnrin, ó fẹ́ ká wá síbi ìsọmọlórúkọ. A bi í pé kí ni wọ́n fẹ́ sọ ọmọ náà. Ó dárúkọ.

A ní kó jọ̀ọ́, kó tún un pè díẹ̀díẹ̀. Mummy ti mú bírò.