Lẹ́tà Kékeré Lójú Fóònù

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní abèèrè kì í ṣìnà. Ìyá aláǹkárá kan ní Sabon Tasha, nílùú Kaduna, gbàgbé òwe yìí, ó sì kábàámọ̀ rẹ̀.

Ọmọbìnrin rẹ̀ bímọ sí Ìbàdàn. Ìyá ìbá lọ wẹ ọmọ, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí àwọn agbébọn ti kọlu ọkọ̀ ojú irin Àbújá sí Kaduna ní oṣù kẹta ọdún 2022 ni ẹ̀rù ìrìn-àjò ti ń bà á. Wọ́n wá fi àdéhùn sí i pé lójú fóònù ni yóò ti wo ìkómọ. Ó ra dátà sílẹ̀ lọ́wọ́ ọmọkùnrin Hausa kan tó ń ta káàdì ní ìkòríta. Nígbà tí wọ́n dán an wò nígbà tí ìkómọ ku ọjọ́ mẹ́ta, àwòrán kò yọ, ohùn sì ń já bí òwú tó ti gbó. Ni inú bá bí ìyá. Ó lọ bá ọmọ náà, ó pè é lólè lójú gbogbo ayé.

“Wo ọ̀pá nẹ́tíwọ́kì, ó kún bámúbámú! Dátà mi dà?”

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, ayálégbé rẹ̀, ọmọge kan tó ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́, kúnlẹ̀ kí i, ó sì gba fóònù náà wò.

“Màmá, bí nẹ́tíwọ́kì ṣe ń wọlé dáadáa sí ni ọ̀pá yẹn ń sọ. Lẹ́tà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló ń sọ irú ọ̀nà tí ẹ wà. Ọ̀nà lè dé ẹnu ilé ẹni, kó sì jẹ́ ọ̀nà ẹsẹ̀ tí mọ́tò kò lè gbà. Orí E lẹ wà yìí.”

Ó là á yé ìyá pé G àti E jẹ́ ti ìran kejì, 2G, tí a fi bẹ̀rẹ̀ GSM ní Nàìjíríà ní ọdún 2001. H àti H+ jẹ́ ti ìran kẹta. 4G tàbí LTE ni ìran kẹrin, 5G tó dé Nàìjíríà ní ọdún 2022 sì ni ìkarùn-ún. E lè gbé ìwé kúkúrú; àwòrán tó ń rìn wúwo jù fún un.

Ó ṣí Settings, ó wọ Mobile network, ó sì bá 2G níbi tí a ti ń yan irú nẹ́tíwọ́kì. Ọmọ ọmọ ìyá, ọmọ ọdún mẹ́wàá, dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ.

“Èmi ni, Màmá àgbà. Kí bátìrì má baà tètè kú ni, torí pé kò síná.”

Wọ́n yí i sí 4G, ṣùgbọ́n H+ ló yọ. Káàdì síìmù ìyá ti pẹ́ jù, kò lè gbé 4G. Ní ọjọ́ kejì, wọ́n bá a pààrọ̀ rẹ̀ ní ọ́fíìsì nẹ́tíwọ́kì. Nọ́ńbà rẹ̀ kò yí padà. 4G sì yọ.

Lọ́jọ́ ìkómọ, ìyá rí bí wọ́n ṣe fi oyin tọ́ ọmọ lẹ́nu. Ó kì í ní oríkì títí ohùn rẹ̀ fi há. Lẹ́yìn náà ló bu ìrẹsì, ó gbé e lọ sí ìkòríta, ó sì bẹ ọmọ tó ń ta káàdì ní èdè rẹ̀: “Ka yi haƙuri, ɗana.” Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ó gba oúnjẹ.

Ẹ̀yin olùkọ́ ọ̀la, kí a máa ka lẹ́tà kékeré kí a tó dá ẹjọ́ ńlá.