Àwòrán òde ijó tí wọ́n rà ní mílíọ̀nù 15 dọ́là: ìlú àwọn oníṣẹ́ tábà ló ti wá!

Ẹni tó bá dé ìlú Durham, ní ìpínlẹ̀ North Carolina l'Amẹ́ríkà, yóò rí àwọn ilé bíríkì pupa ràgàjì láàárín ìgboro, pẹ̀lú òpó èéfín gíga tí wọ́n kọ Lucky Strike sí lára. Ilé oúnjẹ àti ọ́fíìsì ló kún ibẹ̀ báyìí. Sìgá ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀ títí di ọdún 1987, tábà ló sì sọ Durham di ìlú ńlá.

Àwọn èèyàn dúdú ni wọ́n máa ń kó iṣẹ́ tó le, tó sì dọ̀tí jù, fún. Eruku tábà á máa wọ̀ wọ́n nímú látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Tí wọ́n bá gbowó tán, ó dorin. Afọ́jú olórin kan wà tó ń jẹ́ Blind Boy Fuller, ọdún 1941 ló kú. Ẹ̀gbẹ́ àwọn ilé ìkẹ́rù tábà ló máa ń dúró sí, táá máa ta gìtá, táwọn òṣìṣẹ́ á máa ju owó ẹyọ sí i. Orin blues ti agbègbè yẹn máa ń yá, ẹ ó rò pé èèyàn méjì ló ń ta gìtá kan ṣoṣo.

Ìlú yìí ni wọ́n bí Ernie Barnes sí lọ́dún 1938. Akọ̀wé ẹrù ni bàbá ẹ̀ níléeṣẹ́ tábà, ìyá ẹ̀ ń ṣiṣẹ́ nílé lọ́yà kan. Ọmọ tó sanra, tó ń tijú ni. Ìwé tó fi ń yàwòrán ló máa ń sá sí táwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ bá ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tó yá ló taagun, tó sì ń fi bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n ń fọwọ́ gbé sá, jẹun. Síbẹ̀, á máa yàwòrán nínú ìpàdé ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù, wọ́n sì máa ń torí ẹ̀ bu owó ìtanràn lé e.

Lọ́dún 1956, wọ́n kó wọn láti iléèwé lọ wo ilé àwòrán ìpínlẹ̀ náà ní Raleigh. Ó béèrè pé èyí táwọn dúdú yà ńkọ́. Ẹni tó ń mú wọn káàkiri ní àwọn èèyàn ẹ̀ kì í ṣe irú ìyẹn. Ẹ gbọ́ ìsọkúsọ! Lẹ́yìn ohun tó lé lógún ọdún, ilé yẹn kan náà ló pàtẹ àwòrán ẹ̀, gómìnà ló sì gbà á lálejò.

Èyí tí gbogbo ayé mọ̀ jù ni The Sugar Shack. Ọmọ ọdún 13 ni Barnes nígbà tó yọ́ wọ gbọ̀ngàn Armory, lójú òpópónà Foster, níbi táwọn dúdú ti ń jó. Ohun tó rí lálẹ́ ọjọ́ náà ò kúrò lọ́kàn ẹ̀ mọ́. Ẹ wo àwòrán yẹn dáadáa: apá gùn, ẹsẹ̀ gùn, ìdí ń yí, ọrùn ń fì, gbogbo wọn sì dijú. Barnes ní òun ń dijú wọn torí pé ọmọ aráyé kì í rí èèyàn nínú ẹnìkejì wọn. Marvin Gaye lò ó fún páálí àwo orin ẹ̀, I Want You, lọ́dún 1976. Àìmọye ló mọ àwòrán náà tí wọn ò mọ ẹni tó yà á.

Ohun tó wá ń dunni ni Hayti. Àwọn dúdú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lóko ẹrú ló tẹ àdúgbò náà dó, tí wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù, sinimá àti ilé orin tiwọn. Láti àwọn ọdún 1960, ìjọba ní àwọn fẹ́ tún ìlú ṣe, ni katakátá bá wọlé. Ọ̀nà márosẹ̀ gba àárín ẹ̀ kọjá, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìdílé sì pàdánù ilé wọn. Ilé ṣọ́ọ̀ṣì St. Joseph's wà lára ìwọ̀nba tó ṣẹ́kù. Nígbà tí Barnes kú lọ́dún 2009, wọ́n da díẹ̀ nínú eérú ẹ̀ sítòsí ibi tí ilé bàbá ẹ̀ wà tẹ́lẹ̀.

Ní May 2022, wọ́n gbé The Sugar Shack kan tó yà lọ́dún 1976 lọ sí gbàǹjo Christie's ní New York. Wọ́n rò pé kò ní ju $200,000 lọ. Àfi gbì! Ọlọ́rọ̀ kan tó ń jẹ́ Bill Perkins, ará Houston, gbé mílíọ̀nù 15.3 dọ́là kalẹ̀, ó sì gbé e lọ.

Gbọ̀ngàn ijó yẹn ṣì wà ní Durham o. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe ìnáwó lè lọ háyà ẹ̀.