Iyùn Mẹ́ta Tí Mo Gbé Lọ sí Ìlọrin



Obìnrin kan kú ní àdúgbò wa. Nígbà tí a yọ ti àwọn àjogún yòókù tán, okùn iyùn mẹ́ta ni ó kù fún àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ mẹ́ta. Mo ní kí olúkúlùkù mú ọ̀kan. Àbíkẹ́yìn kọ̀, ó ní tòun fúyẹ́ jù. Ọ̀rọ̀ ogún kì í ṣe ohun eré, ni mo bá wọkọ̀ lọ sí Ìlọrin.

Ẹ ó bi mí pé, èé ṣe tí ó fi jẹ́ Ìlọrin? Nígbà tí Ọ̀yọ́-Ilé tú ní nǹkan bí ọdún 1835, àwọn oníṣẹ́ iyùn wà lára àwọn tí ó ṣí wá síbẹ̀. Òkúta pupa ni wọ́n ń gé. Wọn a fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ lu ú, wọn a sì lọ̀ ọ́ títí yóò fi máa dán. Èyí ni wọ́n ń pè ní lántànà. Ìlẹ̀kẹ̀ olówó pọ́ọ́kú láti Yúróòpù ba ọjà wọn jẹ́. Kí ó tó di ọdún 1950, iṣẹ́ náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́.

Wọ́n mú mi lọ bá ìyá arúgbó kan ní agboolé oníyùn. Ó ní, “Àáfà, ẹ fi kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín.” Òkúta a máa tutù, a sì wúwo, rọ́bà a fúyẹ́, kì í tutù bẹ́ẹ̀.

Ó ní kí n wo ihò rẹ̀. Ìhà méjèèjì ni wọ́n ti ń lu ti àtijọ́, nítorí náà ihò náà lè wọ́ díẹ̀ láàrin, okùn ọjọ́ pípẹ́ a sì ti jẹ etí rẹ̀ dán. Iṣẹ́ ọwọ́ kì í dọ́gba délẹ̀. Bí gbogbo rẹ̀ bá rí bákan náà, tí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ̀rọ ni ó tẹ̀ ẹ́. Ẹ má ṣe fi iná dán an wò o, ẹ ó bà á jẹ́. Àmì kan ṣoṣo kò sì tó o.

Ọ̀kan jẹ́ ojúlówó àtijọ́. Èkejì jẹ́ òkúta, ṣùgbọ́n tuntun ni. Ti àbíkẹ́yìn, rọ́bà pátápátá!

Ojú tì mí. Nígbà tí mo padà dé, a dá owó lé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, iye owó ni a sì pín lọ́gbọọgba.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ ṣí àpótí yín lónìí. Ẹ fi èyí tí ó jẹ́ òkúta han àwọn ọmọ yín nígbà tí ẹnu yín ṣì lè sọ ọ́. Kí Ọlọ́hun má jẹ́ kí ọ̀ṣọ́ wa di ìjà lẹ́yìn wa. Àmín.