Òkè Ṣábẹ̀ẹ́: Ẹni Tó Lọ́ra Ni Kó Ṣíwájú

Àwa tí a ń gbé ní Àjàṣẹ́, ọ̀sà ni a mọ̀. A kò mọ òkè. Ilẹ̀ wa tẹ́ pẹrẹsẹ, erùpẹ̀ rẹ̀ pupa, omi sì wà nítòsí níbikíbi tí a bá kọjú sí. Ibi tó ga jù tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wa gùn rí ni àtẹ̀gùn ilé alájà. Nínú kíláàsì, wọ́n lè sọ fún yín láìṣiyèméjì pé Mont Blanc ga ju mítà 4 800 lọ, nítorí ó wà nínú ìwé tí a fi ń kọ́ wọn. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi wọ́n pé òkè wo ni àwọn Yorùbá ilẹ̀ Benin sá sí nígbà ogun, wọn yóò máa wojú ara wọn ni. Ìbéèrè yẹn ló mú kí àwa méjèèjì, tọkọtaya tí iṣẹ́ olùkọ́ so pọ̀, lo ọjọ́ kan àti òru kan lórí òkè Ṣábẹ̀ẹ́ nígbà ìsinmi ọdún Kérésìmesì.

Ọ̀nà ibẹ̀ kò ṣòro í mọ̀. Láti Àjàṣẹ́, a gba Kútọnu, lẹ́yìn náà a dojú kọ àríwá: Àládà, Bohicon, Ìdáàṣà, Glazoué. Títí dé Bohicon, ilẹ̀ ṣì tẹ́ bí ẹní. Nígbà tí a sún mọ́ Ìdáàṣà ni àpáta bẹ̀rẹ̀ sí yọrí láàárín oko, ọ̀kan níhìn-ín, méjì lọ́hùn-ún. Ìlú òkè 41 ni wọ́n máa ń pè é. Níbẹ̀ ni títì pín sí méjì. Ọ̀kan lọ sí Savalou àti Natitingou, èkejì lọ sí Ṣábẹ̀ẹ́ àti Parakou. Èkejì ni a gbà. A kọjá lórí afárá odò Ouémé, kò sì pẹ́ tí àwọn òkè Ṣábẹ̀ẹ́ fi dúró níwájú wa, wọ́n dúdú, orí wọn ṣe rọ́bọ́tọ́, ìlú sì jókòó sí ẹsẹ̀ wọn.

Àpáta líle ni wọ́n, èyí tí àwọn Faransé ń pè ní granite. Ọjọ́ orí wọn ju mílíọ̀nù ọdún 500 lọ. Ìsàlẹ̀ ilẹ̀ lọ́hùn-ún ni òkúta yìí ti dì; òjò àti ẹ̀fúùfù ló wá gbá erùpẹ̀ rírọ̀ tó bò ó lọ díẹ̀díẹ̀, tí èyí tó le fi ṣẹ́ kù síta. Bí oòrùn bá yan án lọ́sàn-án, tí ọyẹ́ sì mú un lóru, ara rẹ̀ a máa là, a sì máa bó bí èèpo àlùbọ́sà. Ìdí nìyí tí orí òkè wọ̀nyí fi ń dán, tí òkúta ńláńlá tó ti bọ́ lára wọn sì fi wó jọ sí ẹ̀gbẹ́ wọn. Láàárín àwọn òkúta tó wó jọ náà ni ihò àti ọ̀nà tóóró wà. Ẹ fi èyí sọ́kàn. A ó padà bá a.

A kì í gun òkè Ṣábẹ̀ẹ́ bí ẹni wọ ọjà. Àwọn ibì kan jẹ́ ibi ìbọ, ẹsẹ̀ àlejò kò sì gbọdọ̀ tẹ̀ ẹ́. Nítorí náà, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí a dé, a kọ́kọ́ lọ kí àwọn àgbà àdúgbò, a sọ ohun tí a bá wá, wọ́n sì fi ọ̀dọ́mọkùnrin kan lé wa lọ́wọ́ láti mú wa gòkè. Ó kí wa ní ohùn Ṣábẹ̀ẹ́, a dáhùn ní ti Àjàṣẹ́, a sì gbọ́ ara wa yé. Ó yẹ ẹrù wa wò: omi lítà 15 fún àwa mẹ́ta, ẹ̀kọ tí a fi ewé dì, wàrà Fúlàní tí a ti dín, gàrí, ẹ̀pà, àgọ́ kékeré kan, ẹní, aṣọ òtútù àti iná tọ́ọ̀ṣì. Ó ní omi nìkan ni a kò gbọdọ̀ dín kù.

A bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́fà àárọ̀. Ìsàlẹ̀ òkè jẹ́ koríko gbígbẹ àti igi kéékèèké, ẹsẹ̀ ṣì rí erùpẹ̀ tẹ̀. Lẹ́yìn ìdajì wákàtí, erùpẹ̀ tán, ó ku àpáta lásán. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà kọ́ wa bí a ṣe ń rìn ín: kí a má fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ gùn ún, kí gbogbo àtẹ́lẹsẹ̀ tẹ́ sórí òkúta, kí a tẹ̀ síwájú díẹ̀, kí a má sì di koríko mú, nítorí gbòǹgbò koríko orí àpáta kò jinlẹ̀.

Orúnkún ọ̀kan nínú wa kò lágbára mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Nígbà tí a gun òkè kìn-ín-ní tán, tí a sọ̀ kalẹ̀ sí àfonífojì, tí a sì gbójú sókè wo òkè kejì tó ga jù ú lọ, a dúró. Aago mẹ́wàá ti kọjá, òkúta ti ń gbóná. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yá nínú wa ti máa ń ṣíwájú láti àárọ̀, yóò gòkè, yóò jókòó dúró. Bí ẹnì kejì bá sì ti dé, òun ti sinmi tán, ó ti fẹ́ máa lọ. Ẹni tó rẹ̀ jù ni kì í rí ìsinmi. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ti ń wò wá. Ó ní:

“Màmá, Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Ẹni tó lọ́ra ni kó ṣíwájú. Bí ẹni tó yá bá ṣíwájú, ẹni ẹ̀yìn á máa sáré lé e títí ẹsẹ̀ rẹ̀ á fi yẹ̀.”

A pààrọ̀ ipò. Láti ìgbà náà, ìṣísẹ̀ ẹnì kan ni àwa mẹ́ta ń rìn. Bó bá dúró, gbogbo wa dúró. Ẹni tó yá gba ẹrù kún ẹrù rẹ̀, kí agbára rẹ̀ lè wúlò. Ó pẹ́ gan-an: aago mẹ́ta ọ̀sán ti lọ kí a tó dé orí òkè kejì. Ṣùgbọ́n a dé ibẹ̀ pọ̀, omi wa sì ṣẹ́ kù ju ìdajì lọ.

Orí òkè ni a ti rí ìdí tí àwọn baba wa fi yàn án. Òkúta ibẹ̀ ní kòtò tí òjò ti gbẹ́. Nínú èyí tó jinlẹ̀ jù, omi díẹ̀ ṣì wà bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọyẹ́ ni. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí: láti ibẹ̀, kò sí ọ̀nà tí ènìyàn púpọ̀ lè gbà dé tí a kò ní í rí eruku wọn. Odò Ouémé wà ní ìwọ̀ oòrùn. Òkpárá wà ní ìlà oòrùn, Nàìjíríà sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Òkpárá ń ṣàn lọ bá Ouémé, Ouémé sì ń ṣàn títí dé ọ̀sà Nokoué àti ọ̀sà Àjàṣẹ́. Òjò tó bá rọ̀ sórí òkúta tí a jókòó lé, ọ̀dọ̀ wa ló ń bọ̀.

Ṣábẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ìjọba Yorùbá tó ń tọpa orírun wọn dé ọ̀dọ̀ Odùduwà. Ní ọ̀rúndún 19, àwọn ọmọ ogun Dàhòmì ń jáde láti Agbómé wá kó ènìyàn lẹ́rú ní ìlú wọ̀nyí. Kétu, tó wà lórí ilẹ̀ títẹ́ tó sì gbẹ́kẹ̀ lé odi àti yàrà rẹ̀, wó ní 1886. Ará Ṣábẹ̀ẹ́ àti ará Ìdáàṣà sá wọ àárín òkúta. Bákan náà ni ti àwọn Ẹ̀gbá, tí wọ́n fìdí kalẹ̀ sábẹ́ Olúmọ ní 1830, tí wọ́n sì lé Dàhòmì padà ní 1851 àti ní 1864. Ní Ìdànrè, orí òkè gan-an ni ìlú wà títí di ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 20.

Ìtàn yìí ṣòro í kọ́ ní Àjàṣẹ́. Ọmọ Fọ̀n, ọmọ Gùn àti ọmọ Yorùbá ló jókòó pọ̀ sórí bẹ́ǹṣì kan náà níwájú wa, ọ̀rẹ́ sì ni wọ́n. Ìlú tiwa pàápàá kò mọ́ níbẹ̀: láti ọ̀rúndún 18 ni a ti ń kó ẹrú gba Àjàṣẹ́ lọ sí òkun, àwọn oníṣòwò Ọ̀yọ́, tí wọ́n jẹ́ Yorùbá bíi tiwa, sì wà lára àwọn tó ń kó wọn wá. Bí a bá kọ́ ọmọ pé ẹ̀yà kan ni apànìyàn, tí ẹ̀yà kejì sì jẹ́ aláìṣẹ̀, irọ́ ni a kọ́ ọ. Bí a bá sì dákẹ́ nítorí àlàáfíà, òkè Ṣábẹ̀ẹ́ yóò di òkúta lásán lójú rẹ̀.

“Ẹ̀yin gùn ún lọ́sàn-án, ẹ wọ bàtà,” ni ọ̀dọ́mọkùnrin náà wí nígbà tí oòrùn ń wọ̀. “Ẹni tí ogun ń lé kì í dúró de ilẹ̀ mọ́.”

A ronú sí i nígbà tí a pàgọ́ tán. A kò dá iná, nítorí koríko gbígbẹ; ẹ̀kọ tútù àti wàrà ni a jẹ. Àpáta tí oòrùn ti yan láti àárọ̀ ń tú ooru sílẹ̀ sábẹ́ ẹní wa títí di ọ̀gànjọ́, kí ọyẹ́ tó gba ipò rẹ̀. Nísàlẹ̀, iná ìlú àti iná ọkọ̀ àjàgbé tó ń lọ sí Parakou ń ṣẹ́jú. Ìyá arúgbó ńkọ́? Abiyamọ tó pọn ìkókó, tó tún fa èyí tó tẹ̀ lé e lọ́wọ́ ńkọ́? Ta ló gbé àpò ọkà? Àwa mẹ́ta tí a ní omi, bàtà àti gbogbo ọjọ́, ìṣísẹ̀ ẹni tó lọ́ra jù ló pinnu ibi tí a ó dé. Ìlú odindi tí ọ̀tá wà lẹ́yìn rẹ̀ ní láti pinnu bóyá òun yóò dúró de ẹni tó lọ́ra, kò sì sí ẹni tó lè pinnu bẹ́ẹ̀ láìsan ohun kan. Àwọn tó kù lónìí ní Ṣábẹ̀ẹ́ jẹ́ ọmọ àwọn tí ẹnì kan gbé, tàbí tí ẹnì kan dúró dè.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, ọjọ́ kan tó ọkọ̀ láti dé ibẹ̀. Ẹ lọ láàárín oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì, nígbà tí àpáta gbẹ. Ìgbà òjò ń mú kó máa yọ̀. Ẹ kí àwọn àgbà kí ẹ tó gbé ẹsẹ̀ sókè, ẹ jẹ́ kí ọmọ ìlú mú yín lọ, ẹ gbé omi tó pọ̀, ẹ má sì fi ọ̀rá tàbí agolo sílẹ̀ lórí òkè tó jẹ́ ilé ààbò àwọn ènìyàn. Bí ẹ bá pọ̀, ẹ wo ẹni tó lọ́ra jù láàárín yín, kí ẹ sì ní kó máa lọ níwájú.