Ojú Ọ̀kadà Lóru

Lójú ọ̀nà Mọníyà sí Ọ̀yọ́, nígbà tí ilẹ̀ ti ṣú, mo rí iná kan ṣoṣo tó ń bọ̀. Mo ṣe bí ọ̀kadà ni, àyè ọ̀kadà ni mo sì fi sílẹ̀. Dánfó ni! Iná òsì rẹ̀ ti kú. Iná ọ̀tún tó kù wà lọ́hùn-ún létí títì, gbogbo ara ọkọ̀ tó kù wà nínú òkùnkùn níhà ọ̀dọ̀ mi. Láti ọjọ́ náà, n kì í pe iná kan ní ọ̀kadà títí yóò fi kọjá.

*

Wáàtì 35 ni gílóòbù iwájú Bajaj Boxer. Bí a bá ń sá kìlómítà 60 ní wákàtí kan, nǹkan bíi mítà 17 là ń rìn ní ìṣẹ́jú àáyá kan. N kò dá ẹni tó ń wá iná tó jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́bi.

*

Nínú ọ̀pọ̀ ọ̀kadà tó ti pẹ́, iná iwájú kì í gba agbára lọ́wọ́ bátìrì; kọ́ìlì inú ẹ́ńjìnnì ló ń bọ́ ọ tààrà. Ìdí nìyẹn tó fi ń rẹ̀ wálẹ̀ tí a bá dín eré kù, nínú kòtò àti ẹrẹ̀, níbi tí a ti nílò rẹ̀ jù. Bí wọ́n bá kàn ti LED tó jẹ́ ti bátìrì bọ̀ ọ́, á máa ṣẹ́jú ṣáá, kò sì ní pẹ́ jó. Rẹwáyà tí mo ń lọ bá á kọ́kọ́ gbé iná náà bọ́ sórí bátìrì, á wò ó bóyá kọ́ìlì ń dá agbára tó padà fún bátìrì ọ̀hún, á fi fíúsì sí i. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n tún wáyà ṣe ná, kí ẹ tó ra gílóòbù.” Iṣẹ́ odidi ọ̀sán kan ni. Mo jókòó tì í títí ó fi parí.

*

Nínú ọ̀pọ̀ gílóòbù àtijọ́, irin pẹlẹbẹ kékeré kan wà lábẹ́ okùn dímù tí kì í jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ fò sókè. LED olówó pọ́ọ́kú kì í sábà ní irú ẹ̀, ibi tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ti ń jáde kì í sì í bá ti okùn yẹn mu. Ó mọ́lẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ojú awakọ̀ tó ń bọ̀ ló ń lọ. Awakọ̀ tí a sì fọ́ lójú yẹn ni yóò gbá wa.

*

Ògiri ni mo fi ń tún iná ṣe. Màá gbé ọ̀kadà jìnnà sí i ní mítà 5, màá fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ògiri ní ìwọ̀n gíga iná náà. Tí mo bá tan dímù, òkè ìmọ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ wà ní ìka mẹ́ta sísàlẹ̀ àmì náà. Kí èrò jókòó sẹ́yìn kí a tó wò ó o! Èrò méjì àti àpò gàrí kan, ẹ̀yìn á wọlẹ̀, iná á kọjú sí ewé igi.

*

Mo bẹ ẹni tó fi iná funfun sẹ́yìn pé kó yọ ọ́. Pupa ń sọ pé mò ń lọ, funfun ń sọ pé mò ń bọ̀.

*

Téèpù tó ń dán kò gba wáyà, kò gba bátìrì. Ẹ̀gbẹ́ ni mo lẹ ẹ́ mọ́, torí ní oríta, ẹ̀gbẹ́ wa ni awakọ̀ ń rí, iná wa kò sì kọjú síbẹ̀.

*

Ní Malaysia, láti 1992 ni òfin ti ní kí alùpùpù tan iná lọ́sàn-án. Ní Íńdíà, láti April 2017 ni iná alùpùpù tuntun ti ń tan fúnra rẹ̀ bí ẹ́ńjìnnì bá ti dìde. Níbí, bí mo bá tan tèmi lọ́sàn-án, wọ́n á máa ṣí ọwọ́ pa dé sí mi, wọ́n á ké pé: “Brọ̀dá, iná yín ń tàn o!” Màá juwọ́ dúpẹ́. N kì í pa á.